Tootsie: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Fíìmù Òṣèré Tó Di Obìnrin Kó Tó Ríṣẹ́

Ọdún 1982 ni fíìmù Tootsie jáde, síbẹ̀ àwọn èèyàn ṣì ń wò ó, wọ́n sì ń jiyàn lé e lórí. Àwọn ìbéèrè tí mò ń dáhùn nísàlẹ̀ yìí ni mo sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó àti àwọn tó ń rò ó bóyá kí àwọn wò ó. Mo sọ bí ìtàn náà ṣe parí. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí adùn rẹ̀ ti tán kó tó débẹ̀, kó lọ wò ó ná, kó wá padà wá ka ìyókù.

Irú fíìmù wo ni Tootsie, ta ló sì ṣe é?

Eré apanilẹ́rìn-ín ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jinlẹ̀ ju ẹ̀rín lọ. Òṣèré kan wà ní New York tó ń jẹ́ Michael Dorsey. Ó mọṣẹ́ dójú àmì, ṣùgbọ́n agídí rẹ̀ ti pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ mọ́. Nígbà tí gbogbo ọ̀nà dí mọ́ ọn, ó dé wíìgì, ó wọ kọ́mú, ó pe ara rẹ̀ ní Dorothy Michaels, ó sì lọ gba ipa obìnrin nínú eré tẹlifíṣọ̀n kan. Wọ́n gbà á. Kò pẹ́ kò jìnnà, Dorothy di ìlúmọ̀ọ́ká káàkiri Amẹ́ríkà, Michael ò sì rí ọ̀nà bọ́ kúrò nínú aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀.

Dustin Hoffman ló ṣe Michael, òun náà ló ṣe Dorothy. Sydney Pollack ló darí eré náà. Jessica Lange, Teri Garr, Bill Murray, Charles Durning, Dabney Coleman àti George Gaynes wà níbẹ̀. Geena Davis náà wà níbẹ̀, fíìmù àkọ́kọ́ tó ṣe láyé rẹ̀ nìyẹn. Columbia Pictures ló gbé e jáde lọ́jọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1982, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ ìṣẹ́jú 116.

Kí ló dé tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gba Michael síṣẹ́?

Ìwà rẹ̀ ni. Bí nǹkan kan ò bá ti tọ́ lójú Michael, kò lè gbójú fò ó, gbogbo olùdarí eré tó bá sì pàdé ló ń bá fa wàhálà. Ìran kan wà ní ọ́fíìsì George Fields, ẹni tó ń bá a wá iṣẹ́ kiri, tí n kì í lè wò láì rẹ́rìn-ín. George ń rán an létí ìpolówó ọjà kan tí wọ́n ti ní kó ṣe tòmátì. Wọ́n ní kó jókòó, ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní kò bọ́gbọ́n mu. Ìlàjì ọjọ́ ni iṣẹ́ fi falẹ̀ nítorí ẹ̀. George ń pariwo pé tòmátì kì í mira, Michael náà ń pariwo pé ohun tóun sọ fún wọn gan-an nìyẹn: bí kò bá lè mira, báwo ló ṣe fẹ́ jókòó? Àwọn méjèèjì ń bínú tọkàntọkàn. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn, ibẹ̀ sì ni adùn rẹ̀ wà.

George wá là á mọ́lẹ̀ fún un pé ní New York o, ní Hollywood o, kò sẹ́ni tó máa gbà á. Bẹ́ẹ̀, Michael ń wá 8,000 dọ́là tí wọn yóò fi gbé eré orí ìtàgé kan jáde, èyí tí Jeff, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé, kọ. Sandy, ọ̀rẹ́ rẹ̀ míì tóun náà jẹ́ òṣèré, lọ síbi tí wọ́n ti ń yan òṣèré fún eré àtìgbàdégbà ọ̀sán kan tí wọ́n pè ní Southwest General, eré tó dá lórí ilé ìwòsàn. Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí Sandy ka ọ̀rọ̀ kan kí wọ́n tó ní kó máa lọ. Ipa tí wọn ò fún Sandy yìí ni Michael dé wíìgì lọ gbà. Mo ní ọ̀rọ̀ láti sọ lórí ìyẹn níwájú.

Báwo ni Hoffman ṣe di Dorothy?

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ló ti sọ fún ilé iṣẹ́ Columbia pé bí òun ò bá lè wọṣọ obìnrin rìn ní títì New York láìjẹ́ pé àwọn èèyàn ń yíjú wo òun, òun ò ní ṣe fíìmù náà. Wọ́n wá dán an wò léraléra: wíìgì, eyín àtọwọ́dá, jígí ojú ńlá, ẹ̀wù tí kọ́là rẹ̀ ga tó bo gògóńgò. Ohùn náà ò rọrùn. Ibi tó rí ojútùú rẹ̀ sí ni ọ̀nà tí àwọn ará Gúúsù Amẹ́ríkà ń gbà sọ̀rọ̀. Bó bá fi ìfàgùn ohùn tiwọn sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ á rọ̀, á sì ròkè láì dà bí ohùn ẹni tó ń sín obìnrin jẹ. Ìdí nìyẹn tí Dorothy fi ń sọ̀rọ̀ bí ìyá onísùúrù kan láti Gúúsù.

Hoffman sọ ohun kan lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí American Film Institute, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ fíìmù ní Amẹ́ríkà, fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá wo fíìmù yìí mọ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n múra fún òun tán, tí òun sì rí ara òun, òun gbà pé òun ti jọ obìnrin. Òun wá ní kí wọ́n sọ òun di obìnrin arẹwà. Wọ́n fèsì pé ibi tí agbára àwọn mọ nìyẹn. Ó délé, ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Ó ní lójú òun, Dorothy jẹ́ obìnrin tó yẹ kéèyàn fẹ́ mọ̀, ṣùgbọ́n bí òun bá pàdé rẹ̀ níbi àríyá, òun ò ní bá a sọ̀rọ̀, torí pé kò ní irú ẹwà tí wọ́n ti kọ́ òun láti kékeré pé kí òun máa wá lára obìnrin. Ó wá ro iye obìnrin tó dáa tóun ti tìtorí bẹ́ẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá láyé òun. Ó ní fíìmù náà ò fìgbà kan jẹ́ eré apanilẹ́rìn-ín lójú òun.

Bí ẹ bá ti gbọ́ èyí, ojú tí ẹ ó fi máa wo Dorothy á yàtọ̀. Ẹni tó ń ṣe é ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ó ń bọ̀wọ̀ fún un.

Báwo la ṣe kọ́kọ́ rí Dorothy nínú fíìmù náà?

Lójijì ni. George ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kò sẹ́ni tó máa gba Michael síṣẹ́, ká tó ṣẹ́jú, a ti wà ní títì New York lọ́sàn-án gangan, èrò ń wọ́ bọ̀ níwájú kámẹ́rà, obìnrin kan tó dé wíìgì pupa, tó wọ jígí, sì ń bá wọn bọ̀, bàtà gogoro ń ṣe é níkà díẹ̀. Pollack ò fi bó ṣe kun àtíkè tàbí bó ṣe fá irun ẹsẹ̀ hàn wá nígbà yẹn. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n gbà á síṣẹ́ la tó rí gbogbo làálàá náà. Ọgbọ́n ńlá lèyí. Ká ní Pollack fi ìmúra bẹ̀rẹ̀ ni, ọkùnrin inú aṣọ la ò bá máa wò títí. Bó ṣe ṣe é, Dorothy la kọ́kọ́ pàdé.

Kí ló dé tí wọ́n fi pe fíìmù náà ní Tootsie?

Ron Carlisle, olùdarí Southwest General tí Dabney Coleman ṣe, kì í pe obìnrin kankan lórúkọ. Orúkọ ìkẹ́ tó bá ti bọ́ sí i lẹ́nu ló máa lò, Tootsie sì wà lára wọn. Lọ́jọ́ kan, níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, Dorothy dá a dúró. Ó tọ́ka sí àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní orúkọ wọn ni Ron ń pè wọ́n nígbà gbogbo. Òun náà lórúkọ, Dorothy ni. Ó sípẹ́lì rẹ̀ fún un, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Nítorí náà, orúkọ tí wọ́n fi tẹ́ obìnrin yìí ni wọ́n fi sọ fíìmù náà, kì í ṣe orúkọ tó ń jẹ́.

Ṣé wọ́n ń fi obìnrin ṣe yẹ̀yẹ́ ni?

Rárá o. Ẹ wo àwọn tí fíìmù náà ń mú wa rẹ́rìn-ín sí. Ọ̀gá Ron tó rò pé gbogbo obìnrin ló wà lábẹ́ òun. John Van Horn, àgbà òṣèré tó ń ṣe dókítà inú eré, tí kò sí obìnrin kan nínú eré náà tí kò tíì fẹnu kò lẹ́nu. Michael fúnra rẹ̀, tó ń parọ́ fún obìnrin lójú méjèèjì, tó sì rò pé ọmọlúwàbí lòun.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Dorothy dé ẹnu iṣẹ́, ìwé eré ní kí Van Horn fẹnu kò ó lẹ́nu. Àwọn obìnrin yòókù ti kìlọ̀ fún un. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀, Dorothy gbá ọkùnrin náà lórí, ó yí ọ̀rọ̀ inú ìwé eré padà, ó sì sọ Emily Kimberly, alábòójútó ilé ìwòsàn tó ń ṣe, di obìnrin tí kì í gba ìgbàkugbà. Bí wọ́n ṣe parí ìran náà tán, Van Horn sún mọ́ ọn láti yìn ín, ó sì fẹnu kò ó lẹ́nu náà. Ẹ̀rín ni, àmọ́ ẹ ronú lé e: ìjà tó jà níwájú kámẹ́rà ò dáàbò bò ó lẹ́yìn kámẹ́rà. Ohun tójú ọ̀pọ̀ obìnrin òṣìṣẹ́ ń rí nìyẹn, ìṣẹ́jú kan ni Pollack sì fi sọ ọ́.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í kíyè sí. Agídí tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ Michael gan-an ló sọ Dorothy di ààyò àwọn aráàlú. Òun kan náà ni, ó ń jiyàn lórí ìwé eré, ó ń kọ ohun tí kò tọ́. Àmọ́ nígbà tó jẹ́ ọkùnrin, ara rẹ̀ nìkan ló ń jà fún. Gẹ́gẹ́ bíi Dorothy, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jà fún àwọn ẹlòmíì, bí ìgbà tí ìwé eré ní kó gba obìnrin tí ọkọ ń lù nímọ̀ràn jẹ́jẹ́, tó sì kọ̀ láti sọ ọ̀rọ̀ yẹn bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Mo gbà pé ibẹ̀ ni kókó fíìmù yìí wà.

Ta ló kọ ọ́?

Ọwọ́ tó kàn án pọ̀. Ìwé eré kan tí Don McGuire kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sí 1979 ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó máa jáde, Larry Gelbart àti Murray Schisgal lorúkọ wọn wà lára rẹ̀ pé àwọn ló kọ ìwé eré, McGuire àti Gelbart sì ni wọ́n pè ní olùpìtàn. Gelbart yìí náà ló wà lára àwọn tó dá eré tẹlifíṣọ̀n M*A*S*H sílẹ̀. Elaine May náà kọ nínú rẹ̀, ipa tó kó sì tóbi, pàápàá lórí Jeff tí Bill Murray ṣe, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí orúkọ rẹ̀ níbì kankan nínú fíìmù náà. Ó dùn mí pé ó rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin ló tún fíìmù yìí ṣe, fíìmù tó dá lórí bí wọn kì í ṣe pe obìnrin lórúkọ.

Ṣé òótọ́ ni pé olùdarí eré náà ṣeré nínú rẹ̀?

Òótọ́ ni. Pollack ló ṣe George Fields. Dabney Coleman ni wọ́n ti kọ́kọ́ ní lọ́kàn fún ipa yẹn, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ipa Ron. Hoffman ló takú pé àfi Pollack. Òun àti Pollack ń jiyàn gidigidi lórí gbogbo nǹkan lẹ́nu iṣẹ́ náà, Hoffman sì rí i pé irú ìbínú yẹn gan-an ló yẹ kí George máa bá Michael bí. Pollack kọ̀, torí ó ti pẹ́ tó ti ṣeré kẹ́yìn. Hoffman wá fi òdòdó róòsì ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú ìwé pélébé kan tó ń bẹ̀ ẹ́ kó wá ṣe aṣojú òun, Dorothy ló sì fọwọ́ sí i. Pollack gbà. Bí ẹ bá rí àwọn méjèèjì tí wọ́n ń lọgun mọ́ra wọn lórí ọ̀rọ̀ tòmátì, ẹ mọ̀ pé wọn ò lọ jìnnà wá ohùn yẹn.

Bill Murray ńkọ́? Kí ló dé tí orúkọ rẹ̀ ò sí ní ìbẹ̀rẹ̀?

Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni. Lásìkò yẹn, bí àwọn èèyàn bá rí orúkọ Bill Murray, eré rándanràndan ni wọ́n á máa retí, Tootsie ò sì rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tó sọ níbẹ̀, orí ara rẹ̀ ló ti gbé e jáde. Ní ibi àríyá ọjọ́ ìbí Michael, ó jókòó, ó ń sọ fún àwọn tó yí i ká irú àwọn èrò ìwòran tóun fẹ́, bí àpẹẹrẹ àwọn tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa wọlé. Jeff nìkan ló mọ àṣírí láti ìbẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ sí George, ó sì máa ń wo Michael bó ṣe ń yan aṣọ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti sú, tí kò sì fẹ́ dá sí i.

Ta ni Julie, kí ló sì dé tí Jessica Lange fi gba Oscar?

Julie Nichols ni nọ́ọ̀sì inú Southwest General. Ìyá ọmọ kan ni, òun nìkan ló ń tọ́ Amy, ọmọbìnrin rẹ̀. Ó ń mutí ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ń fẹ́ Ron tó ń yan àlè mọ́ ọn lórí. Dorothy di ọ̀rẹ́ àtàtà rẹ̀. Michael, nínú Dorothy, kó sínú ìfẹ́ rẹ̀.

Lange ò fipá wá ẹ̀rín rárá. Ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Nígbà tí àwọn méjèèjì lọ sí oko bàbá rẹ̀, wọ́n sùn sí yàrá tí Julie ti dàgbà, ó ń sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn nípa ìwé ara ògiri yàrá náà tí òun àti ìyá rẹ̀ tó ti kú jọ yàn. Michael dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò lè fọhùn. Ìran tí ẹlòmíì ò bá fi ṣe àwàdà ni, Lange sọ ọ́ di ohun tó ń dun èèyàn.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń ní kí àwọn èèyàn kíyè sí. Julie finú han Dorothy pé bí ọkùnrin kan bá lè wá bá òun tààrà, kó jẹ́wọ́ pé òun kàn fẹ́ràn rẹ̀, òun sì fẹ́ bá a lò pọ̀, láìsí àdàkàdekè, ì bá tu òun lára. Nígbà tó yá, Michael pàdé rẹ̀ níbi àríyá, láìsí wíìgì, láìsí aṣọ obìnrin, ó sì sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un bó ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́. Ohun tó wà nínú ife lọ́wọ́ Julie ló dà sí i lójú. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn finú hàn fún ọ̀rẹ́, ó di ìwọ̀sí lẹ́nu àjèjì tó jí i gbọ́. Michael rò pé òun ti mọ obìnrin torí pé òun wọ aṣọ wọn. Kò tíì mọ nǹkan kan.

Ọdún kan náà ni wọ́n yan Lange fún Oscar lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ipa aṣáájú tó kó nínú fíìmù Frances àti ipa amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú Tootsie. Meryl Streep ló gba ti òṣèrébìnrin aṣáájú, Lange sì gba ti amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí Sandy?

Sandy ni ìtàn náà ṣe níbi. Teri Garr ló ṣe é, ìfẹ́ tí mo ní sí ipa yẹn ò kéré. Michael gba iṣẹ́ tí Sandy lọ wá, kò sì sọ fún un. Lọ́jọ́ kan tó wà nílé Sandy, ó fẹ́ dán aṣọ rẹ̀ wò, ó bọ́ra, Sandy sì wọlé bá a bẹ́ẹ̀. Nítorí pé kò rí irọ́ míì pa, ó ní òun fẹ́ bá a lò pọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń dá ìpàdé sí i, tó ń gbàgbé, tó ń tọrọ àforíjì. Ṣokoléètì tí bàbá Julie fi ránṣẹ́ sí Dorothy ló tún gbé fún Sandy bí ẹ̀bùn, ìwé ìkíni sì wà nínú rẹ̀ tí Sandy rí.

Nígbà tó wá jẹ́wọ́ pé ẹlòmíì lòun ń fẹ́, Sandy bú jáde. Ìbínú, ìtìjú àti ẹ̀rín ló ń jà lójú Garr lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n yan òun náà fún Oscar, òun àti Lange sì jọ du ẹ̀bùn kan ṣoṣo. Fíìmù náà mọ̀ pé Michael jẹ Sandy ní gbèsè, àmọ́ kò fún wọn láyè láti jókòó sọ ọ́ bí ó ti ṣe fún Julie àti bàbá rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní àléébù kan tí Tootsie ní, èyí ni màá kọ́kọ́ dárúkọ. Teri Garr di olóògbé ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024.

Bàbá Julie ńkọ́?

Les lorúkọ rẹ̀, àgbẹ̀ tí aya rẹ̀ ti kú, Charles Durning ló sì ṣe é. Ó nífẹ̀ẹ́ Dorothy tinútinú, ó gbé òrùka kalẹ̀ níwájú rẹ̀ pé kó fẹ́ òun. Nínú fíìmù míì, irú bàbá báyìí ni wọn ì bá fi ṣẹ̀sín. Níbí, a ń káàánú rẹ̀. Lẹ́yìn tí àṣírí tú, Michael lọ bá a ní ilé ọtí láti dá òrùka padà. Durning ò pariwo, kò lù ú. Ó ní ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ kí Michael ṣì wà láàyè ni pé òun ò fẹnu kò ó lẹ́nu rí. Lẹ́yìn náà wọ́n jọ mu bíà.

Báwo ni àṣírí ṣe tú?

Michael ti fẹ́ bọ́ níbẹ̀, àmọ́ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní ẹ̀tọ́ láti fi ọdún kan kún àdéhùn rẹ̀, wọ́n sì lò ó. George ní kò sí ọ̀nà àbáyọ. Lọ́jọ́ kan, téèpù eré tí wọ́n ti yà sílẹ̀ bàjẹ́, wọ́n wá ní láti ṣe ìran náà tààrà bí àwọn èèyàn ṣe ń wò ó nílé.

Àríyá ni, wọ́n ń yẹ́ Emily Kimberly sí. Dorothy dúró lórí àtẹ̀gùn, ó pa ìwé eré tì, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan tó lọ́ bí ọ̀nà oko: bàbá, arábìnrin tó ń jẹ́ Anthea, ìwà burúkú kan láyé àtijọ́, arákùnrin tó wá gbẹ̀san. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn òṣèré ń wojú ara wọn, àwọn tó wà nídìí kámẹ́rà ò mọ ibi tí wọn ó kọjú rẹ̀ sí. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó ṣí wíìgì, ohùn ọkùnrin jáde: Edward lòun, arákùnrin Anthea. Sandy wà níwájú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, ó ké. Les wà nílé, ó ń wò. Jeff náà ń wò ó, ó ní ilé ìwòsàn yẹn mà ya wèrè o. Julie wá bá a lẹ́yìn tí kámẹ́rà kú, ó wò ó, ó sì gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ níkùn.

Ṣé Julie padà gbà á?

Wọ́n pàdé níwájú ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Julie ní àárò Dorothy ń sọ òun. Michael ní kò pọn dandan kó máa sàárò rẹ̀, torí ó wà níbí. Ó wá sọ ohun tí àwọn èèyàn rántí jù nínú fíìmù náà, pé nígbà tóun jẹ́ obìnrin lọ́dọ̀ Julie, òun jẹ́ ọkùnrin tó sàn ju èyí tóun jẹ́ fún obìnrin èyíkéyìí nígbà tóun jẹ́ ọkùnrin. Julie bi í bóyá ó lè yá òun ní aṣọ yẹ́lò kékeré kan tí Dorothy ní. Wọ́n jọ ń rìn lọ, wọ́n ń jiyàn lórí aṣọ náà. Wọn ò fẹnu kora, a ò sì gbọ́ pé wọ́n fẹ́ra. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀, nítorí ìdáríjì tó yá jù ì bá ba ìtàn náà jẹ́.

Èrè wo ni fíìmù náà rí?

Ó pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 177 dọ́là ní Àríwá Amẹ́ríkà, E.T. nìkan ló sì pa owó jù ú lọ nínú àwọn fíìmù ọdún 1982 níbẹ̀. Wọ́n yàn án fún Oscar mẹ́wàá, ti Lange nìkan ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Gandhi ló gba ti fíìmù tó dára jù, Ben Kingsley tó ṣe Gandhi sì gba ti òṣèrékùnrin mọ́ Hoffman lọ́wọ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Hoffman àti Michael Caine jọ pín ẹ̀bùn BAFTA ti òṣèrékùnrin tó dára jù. Ní 1998, wọ́n fi Tootsie sára àwọn fíìmù tí ìjọba Amẹ́ríkà ń tọ́jú pa mọ́ fún ìran tó ń bọ̀. Nígbà tí American Film Institute to àwọn eré apanilẹ́rìn-ín ilẹ̀ Amẹ́ríkà lẹ́sẹẹsẹ ní ọdún 2000, ipò kejì ló wà. Some Like It Hot ti ọdún 1959, tó dá lórí àwọn akọrin méjì tó múra bí obìnrin, ló gba ipò kìíní.

Orin wo ló wà nínú rẹ̀?

"It Might Be You" ni. Dave Grusin ló ṣe ohùn rẹ̀, Alan àti Marilyn Bergman kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Stephen Bishop ló kọ ọ́ lórin.

Kí ni àwọn èèyàn ń bá a wí lé lórí lóde òní?

Ẹ̀sùn tó wúwo jù ni pé ọkùnrin ló wá kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe ń jà fún ara wọn. Julie àti àwọn yòókù ti wà nínú ìyà yẹn tipẹ́, àfìgbà tí Michael dé kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀sùn yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí mo rí sí i ni pé Dorothy lè sọ̀rọ̀ torí pé Michael ò bẹ̀rù irú ohun tí àwọn obìnrin yẹn ń bẹ̀rù. Ọmọ wà lọ́wọ́ Julie, owó ilé ń dúró dè é, Ron ni olùdarí, òun náà sì ni olólùfẹ́ rẹ̀. Fíìmù náà fi gbogbo èyí hàn wá, bí kò tilẹ̀ sọ ọ́ jáde.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni bí ẹ̀rù ṣe ba Julie nígbà tí Dorothy fẹ́ fẹnu kò ó lẹ́nu, tó rò pé obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin ni. Ìran yẹn ti gbó. Ọ̀pọ̀ tó ń wò ó lónìí kì í rẹ́rìn-ín níbẹ̀ mọ́, mi ò sì dá wọn lẹ́bi.

Ṣé wọ́n ti sọ ọ́ di eré orí ìtàgé?

Bẹ́ẹ̀ ni. Eré olórin tó dá lórí rẹ̀ dé Broadway, àdúgbò àwọn gbọ̀ngàn eré ńlá ní New York, ní 2019, David Yazbek ló kọ orin, Robert Horn ló kọ ìwé eré. Santino Fontana tó ṣe Michael gba Tony, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún àwọn eré Broadway, Horn náà gba tirẹ̀. Nínú ti orí ìtàgé, wọn ò lo eré tẹlifíṣọ̀n mọ́, eré olórin ni Dorothy wọ̀.

Ṣé èèyàn lè wò ó pẹ̀lú àwọn ọmọ?

PG ni wọ́n fún un ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ni pé kí òbí tọ́ ọmọ sọ́nà bó bá fẹ́ wò ó. Kò sí ìjà tó ń dẹ́rù bani, àmọ́ ọ̀rọ̀ rírùn wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ sì ń jáde léraléra. Àwọn ọmọ tó ti wọ ọdún mẹ́tàlá sókè ni mo rò pé ó tọ́ sí, kí òbí sì wà níbẹ̀, nítorí ìbéèrè á pọ̀.

Bí mo bá fẹ́ tún un wò, ibo ni kí n fojú sí?

Ẹ wo ojú Pollack ní ilé oúnjẹ Russian Tea Room, nígbà tí obìnrin àjèjì kan wá jókòó tì í, tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, tí ohùn Michael sì jáde lẹ́nu obìnrin náà. Ẹ wo ọwọ́ Dorothy nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ di í mú.

Lẹ́yìn náà, ẹ má ṣe fo ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí orúkọ àwọn òṣèré ti ń kọjá. Michael wà níwájú àwọn tó ń yan òṣèré, a ò rí ojú wọn, ohùn nìkan là ń gbọ́ láti inú òkùnkùn. Wọ́n ní gíga rẹ̀ kọ́ làwọn fẹ́, ó ní òun lè ga sí i. Wọ́n ní rárá, ẹni tó kúrú làwọn ń wá, ó ní òun lè kúrú, ó ní bàtà lòun fi ga. Wọ́n ní ẹni tó yàtọ̀ làwọn ń wá, ó ní òun lè yàtọ̀. Ohùn náà wá sọ fún un pé ẹlòmíì làwọn ń wá.